Bobby Benson: Afunsaksófóònù tó Gbé Orin Swing Wọ Èkó

Ìkòròdú ni Bernard Ọlábínjọ́ Benson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bobby, ti wá. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í kọ́. Ó kan ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀, kó tó di òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun. Ní 1944, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà, ó bọ́ sílẹ̀ ní London, kò sì padà sínú ọkọ̀ mọ́. Ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ oníjó kan tí wọ́n ń pè ní Negro Ballet, ó sì bá wọn yí àwọn olú ìlú ilẹ̀ Yúróòpù ká.

Orin tó gba ìgboro London nígbà náà ni swing, ìyẹn jáàsì oníjó tí Duke Ellington, Count Basie àti Glenn Miller sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Benson gbé bọ̀ wálé ní láti mọ bí ẹgbẹ́ swing ṣe ń ṣiṣẹ́. Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ṣe saksófóònù. Ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1846, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè ológun ló sì kọ́kọ́ lò ó dáadáa. Àwọn olórin swing ni wọ́n fi í jọba. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, afunsaksófóònù márùn-ún ló sábà máa ń jókòó níwájú: alto méjì, tenor méjì, baritone kan. Àwọn oníkàkàkí wà lẹ́yìn wọn. Apá kan á gbé ohùn jáde, èkejì á dá a lóhùn, píánò, gìtá, báàsì àti ìlù á sì mú ẹsẹ̀ orin dúró. Inú ìwé ni púpọ̀ nínú orin yìí ti ń wá, nítorí náà, ẹni tí kò mọ orin kà kò lè jókòó síbẹ̀. Síbẹ̀, tó bá kan ẹnì kan láti dìde dá fun, kò sí ìwé tó lè gbà á sílẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló kù.

Ní 1947, Benson àti ìyàwó rẹ̀, Cassandra, tí òun náà jẹ́ oníjó, dé sí Èkó. Eré orí ìtàgé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ olórin Benson, Jam Session Orchestra, dé. Benson ń fun saksófóònù, ó ń ta gìtá, wọ́n sì ń lu swing, samba àti calypso. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ kó orin oníjó àwọn òyìnbó wọ Èkó, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ti ń jó o ṣáájú rẹ̀. Ohun tí òun fi kún un ni ìdánilárayá: aṣọ tó ń dán, ẹ̀fẹ̀, ijó, gbogbo rẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni E. T. Mensah kó ẹgbẹ́ Tempos wá láti Gánà. Afunsaksófóònù ni Mensah náà kó tó gbájú mọ́ kàkàkí; ó ti bá àwọn ọmọ ogun òyìnbó lu swing ní Accra lásìkò ogun. Highlife, orin ijó ilẹ̀ Gánà, ni ó gbé wá, orin náà sì ran Èkó bí iná ọyẹ́. Benson kò bá a jà. Ó yí padà sí highlife pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mọ́kànlá, "Taxi Driver" sì di orin tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ka èyí sí pé ó fi jáàsì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò tọ̀nà. Ìlù àti èdè ló yí padà. Bí àwọn fèrè ṣe ń dá ara wọn lóhùn nínú highlife Èkó, ti swing náà ni.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́. Victor Ọláìyá, Eddy Okonta, Zeal Onyia, Rex Lawson àti Victor Uwaifo wà lára àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Roy Chicago, tí òun náà ń fun saksófóònù tenor, wà lára wọn. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó mú gángan wọ inú highlife. Chris Ajílò gba ọ̀nà mìíràn ní tirẹ̀: London ló ti kọ́ orin kó tó padà wálé dá ẹgbẹ́ Cubanos sílẹ̀.

Irú orin yìí kò dúró sí Èkó. Kàdúná, tó di olú ìlú ilẹ̀ Àríwá ní 1917, ni ojú irin Èkó àti ti Port Harcourt ti pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé àti sọ́jà tó ń gbé ibẹ̀ fẹ́ jó lálẹ́ bíi ti ará Èkó. Ìlú yìí ni Bala Miller, oníkàkàkí, fi ṣe ibùdó ẹgbẹ́ rẹ̀, Pirameeds of Africa, tó ń fi èdè Haúsá kọ highlife.

Orin Benson náà kọjá òkun. Ní oṣù Kejìlá 1961, àwọn olórin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà wá ṣeré ní Èkó, Lionel Hampton àti Randy Weston wà lára wọn. Ní 1963, Weston gbé àwo kan jáde tí "Niger Mambo", orin Benson, wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó fun saksófóònù lórí àwo náà ni Budd Johnson, ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ńlá Earl Hines láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí swing ṣì ń gbóná.

Nílé, Benson ti di onílé ìgbafẹ́. Caban Bamboo rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú ló sọ di Hotel Bobby níkẹyìn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ lásán: ẹgbẹ́ ńlá kò ṣeé bọ́ bí kò bá ní ibi tí yóò ti máa ṣeré lálaalẹ́. Nígbà tí rògbòdìyàn 1966 àti ogun abẹ́lé lé ọ̀pọ̀ olórin ìlà-oòrùn kúrò ní Èkó, tí jùjú sì gba ipò iwájú, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onífèrè túká. Ọmọ Benson, Tony, náà di olórin. Bobby Benson kú ní oṣù Karùn-ún 1983.