Yàrá Tó Wà Lẹ́yìn Ojú Kọ̀ǹpútà

Ìwé ètò ìsìnkú olójú-ewé 16 ni mo ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọdún 2006 ni. Mo ti to fọ́tò bàbá olóògbé, mo ti to orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọọmọ, ó ku orin ìkẹyìn. Iná lọ, UPS ń ké, mo sáré jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Kí n tó wọlé padà, ọmọ iṣẹ́ mi ti fi máòsì tẹ ọ̀kan nínú àwọn àpótí kéékèèké tó tò sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀tún. Gbogbo iṣẹ́ pòórá. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo fi ìbínú pa á, mo tún un tàn. Iṣẹ́ tí n kò tíì fi pamọ́ bá a lọ. Aago mẹ́rin ni àkọ́bí olóògbé fẹ́ wá gba ìwé rẹ̀. Alẹ́ la tó tò ó tán.

Yàrá kejì ni iṣẹ́ náà wà ní gbogbo àkókò yẹn.

Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, ni mo ń lò. Nínú páálí pẹlẹbẹ ni sídíì rẹ̀ ti dé bá mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló ń fi í ránṣẹ́ kárí ayé nígbà yẹn láìgba kọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà kan lè ní ju yàrá kan lọ. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó kọ́ ilé yìí.

Ìpilẹ̀ ilé náà kò sí lọ́dọ̀ Linux. Palo Alto ní California ló wà, ní ilé ìwádìí Xerox tí wọ́n ń pè ní PARC. Àwọn tó ń lo Smalltalk, èdè kọ̀ǹpútà kan, níbẹ̀ ti ní ohun tí wọ́n pè ní Project, tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n Austin Henderson àti Stuart Card ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì kọ̀wé lé e lórí ní 1986. Rooms ni wọ́n pe ètò wọn. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú náà ló ń dà mí láàmú: àyè há.

Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tó ṣí fèrèsé púpọ̀ a máa fi àkókò rẹ̀ sún fèrèsé dípò kó ṣiṣẹ́. Àìsàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí mẹ́mọ́rì bá kéré tí iṣẹ́ pọ̀, ẹ̀rọ a máa kó ẹrù wọlé, a tún kó o jáde, iṣẹ́ gan-an ò sì ní kúrò lójú kan. Peter Denning, ọ̀kan lára wọn, ti là á yé wọn láti 1968 pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba ohun tó ń lò papọ̀ lákòókò kan. Kí ẹ kó ìwọ̀nba yẹn sítòsí, kí ẹ gbé ìyókù sẹ́yìn. Henderson àti Card ní bẹ́ẹ̀ náà ni ojú kọ̀ǹpútà. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ínǹṣì 14 ni ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mo ń lò, tábìlì kan ṣoṣo ni mo ní. Orí rẹ̀ ni mo ti ń gé páálí, orí rẹ̀ náà ni mo ti ń jẹ ẹ̀bà.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọ́n kọ́ Rooms bí ilé lóòótọ́. Ilẹ̀kùn wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ti bọ́ sí yàrá mìíràn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà tí yóò dá yín padà síbi tí ẹ ti wá. Àpò wà: ohun tí ẹ bá fi sí i yóò máa bá yín dé gbogbo yàrá. Ẹ tún lè di fèrèsé lẹ́rù, kí ẹ gbé e kọjá sí yàrá míì. Bí ọ̀nà bá sì dà rú mọ́ yín lójú, ibì kan wà tí ẹ ti lè wo gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, ní kékeré. Ká ní mo mọ̀ pé ohun tí àpótí kéékèèké wọ̀nyẹn wà fún nìyẹn!

Ẹ̀ka míì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwa onílinux. Tom LaStrange, tó kọ twm, ètò tó ń to fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, kọ swm fún ilé iṣẹ́ Solbourne. Vtwm tẹ̀lé e ní 1990. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe yàrá. Oko ńlá kan ni, ojú kọ̀ǹpútà wá dà bí ihò ògiri tí ẹ ń gbà yọjú wò ó, tí ẹ sì ń sún kiri. Ní 1993, Robert Nation mú twm, ó dín mẹ́mọ́rì tó ń jẹ kù, ó sọ ọ́ ní fvwm. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tí F iwájú rẹ̀ dúró fún. Ó fún wa ní méjèèjì: oko lè pọ̀, ẹ sì lè pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Linux ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà. Nígbà tí àwọn ètò tó ń gbé odidi ojú kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún Linux dé, tí KDE 1.0 jáde ní 1998, tí GNOME 1.0 jáde ní 1999, yàrá ti di àjogúnbá.

Apple ò mú yàrá tirẹ̀, Spaces, jáde títí di 2007. Windows ò ní tirẹ̀ nínú ara rẹ̀ àfi ìgbà tí Windows 10 dé ní 2015. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi tó ní Linux ló ń wo Windows ṣe, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Àwọn tiwa náà ti ṣe é bà jẹ́ rí o. Ní 2011, GNOME 3 ní òun ni yóò máa ka yàrá fún wa: ẹ fi nǹkan sínú ọ̀kan, òmíràn á yọ, ẹ kó o kúrò, á pa rẹ́. Èmi ò fẹ́. Yàrá kejì ni ìwé owó mi wà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá a láràárọ̀. Ní 2013, Ubuntu 13.04 ti ilẹ̀kùn pátápátá, àfi ẹni tó bá mọ ibi tí yóò ti ṣí i. Mo kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ Xfce, ojú kọ̀ǹpútà Linux míì. Mo kọ 4 síbi iye yàrá, mo fún wọn lórúkọ: Ìtẹ̀wé, Owó, Fọ́tò, Tèmi. GNOME náà ti gbà báyìí pé kí ẹ yan iye tí kò ní yẹ̀. Ẹ wo Multitasking nínú Settings rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, bí iṣẹ́ yín bá ṣàdédé pòórá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa kọ̀ǹpútà. Ẹ di Ctrl àti Alt mú, kí ẹ tẹ ọfà ọwọ́ òsì tàbí ti ọ̀tún ná.