Dídá Orin Mọ̀ láti ara Àkọsílẹ̀ Rẹ̀: Àlọ́ Àpamọ̀ Kan àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ nípa Ohùn Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá kì í fi àlọ́ àpamọ̀ ṣeré lásán. Bí ọmọdé bá jókòó láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n sì pa àlọ́ fún un, ohun tí wọ́n ń dán wò ni bí etí àti làákàyè rẹ̀ ṣe lè ti ara ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó gbọ́ dé ìdí ohun tí a fi pamọ́. Irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ wà láàrin àwọn tó ń kọ́ orin àkọsílẹ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù náà. Wọn a já ìlà kan péré nínú ìwé orin, wọn a pa orúkọ orin àti orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ́, wọn a sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: orin wo nìyí, ta ló sì ni ín? Ohùn kankan kò dún. Àmì orí ìwé nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ rí, etí inú ni yóò sì fi gbọ́ ọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn àlọ́ yìí ní ṣókí, a óò fi wé ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà dá ọ̀rọ̀ mọ̀ lórí ìlù, a óò sì wo ipò tí orin àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú rẹ̀. Èrò wa ni pé lójú ẹni tó gbọ́ Yorùbá, àlọ́ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè kó tó jẹ́ ẹ̀kọ́ orin. Àti pé orin tí a kò bá tẹ̀ jáde, tí a kò sì fi kọ́ ọmọ, kò sí ẹni tí yóò dá a mọ̀ lọ́la.

Àwọn Ìwé Atọ́ka Orin

Ní ọdún 1948, Harold Barlow àti Sam Morgenstern, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní A Dictionary of Musical Themes. Nǹkan bí 10,000 ìbẹ̀rẹ̀ orin ni wọ́n kó jọ sínú rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni atọ́ka ẹ̀yìn ìwé. Wọ́n gbé gbogbo orin wá sórí ìpìlẹ̀ ohùn kan ṣoṣo, ìyẹn C, wọ́n sì to lẹ́tà àmì ohùn wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹni tí orin bá ń dún lọ́kàn rẹ̀ tí kò sì rántí orúkọ rẹ̀ lè wá a lọ síbẹ̀, bí ó bá ti lè kọ àmì ohùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè kọ àmì ohùn. Nítorí ìdí èyí ni Denys Parsons, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 1975. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni Parsons lò. Bí ohùn bá gòkè ju ti ìṣáájú lọ, yóò kọ U. Bí ó bá relẹ̀, yóò kọ D. Bí ó bá dúró sójú kan, yóò kọ R. Ẹ jẹ́ kí a fi orin karùn-ún nínú àwọn símfónì Beethoven, tí wọ́n kọ́kọ́ lù ní Vienna ní ọdún 1808, ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sol-fa, ohun tí a óò rí ni: m m m d, r r r t. Lọ́wọ́ Parsons, àkọsílẹ̀ yìí di R R D U R R D. Ìyàtọ̀ wà nínú bí ohùn ṣe jìn sí ara wọn àti bí ó ti pẹ́ tó, ṣùgbọ́n Parsons pa gbogbo ìyẹn tì. Bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò nìkan ló dì mú, ó sì tó láti ya ọ̀pọ̀ orin sọ́tọ̀, bí a bá ti lè kọ ìgbésẹ̀ bíi 15 sílẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ bá kéré jù, orin púpọ̀ yóò jọ ara wọn.

Ohùn Mẹ́ta àti Ọ̀rọ̀ Orí Ìlù

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kò ní ṣàì rí i pé ọ̀nà Parsons kò ṣàjèjì sí wa. Dò, re, mí ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Re re ni ọkọ tó fẹ́ ìyàwó. Re mí ni ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko. Re dò ni ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Dò dò sì ni ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ́lì kan náà. Ohùn ló yà wọ́n.

Síbẹ̀, ibi kan wà tí ọ̀nà Parsons kò ti lè gbé Yorùbá. Ẹ wo ọ̀la, tí í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀lé òní, àti ọlá, tí í ṣe iyì. Dò re ni ti àkọ́kọ́, re mí ni ti èkejì. Ohùn gòkè nínú méjèèjì, nítorí náà U ni Parsons yóò kọ fún wọn. Ìyẹn ni pé ní ti Yorùbá, kì í ṣe pé ohùn gòkè tàbí pé ó relẹ̀ nìkan ni etí ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ipò tí ohùn náà dúró sí pẹ̀lú.

Ìṣòro kejì ni pé ohùn nìkan kì í sábà tó. Bí onígángan bá lu re mí péré, ta ni yóò sọ bóyá ilé ló ń wí, tàbí owó, tàbí ọlá, tàbí ọkọ́? Ìdí nìyí tí ayàn kì í fi dá ọ̀rọ̀ kúkúrú lù kó sì retí pé kí ènìyàn mọ̀ ọ́n. Oríkì àti òwe ló ń lù, gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí Parsons rí ní ọdún 1975, pé ó di dandan kí ìgbésẹ̀ gùn díẹ̀ kí orin tó dá yàtọ̀, àwọn àyàn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ìtàn kan tí a mọ̀ dáadáa fi èyí hàn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1951, ìlù ni wọ́n fi ń kéde orúkọ ilé iṣẹ́ náà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí ìlù náà sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jẹ́ ohùn ọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tó fi wà ní Yorùbá, àwọn ará Ìbàdàn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀. Ohun tí etí wọn gbọ́ ni ìbéèrè nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Wọ́n pa àlọ́ fún wọn láìmọ̀, wọ́n sì já a sí ibi tí èdè wọn darí wọn sí.

Orin Ìjọ àti Àṣìgbọ́

Ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ orin gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá ni ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Sol-fa tí Sarah Glover bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí John Curwen sì tún ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló rọrùn jù fún ẹgbẹ́ akọrin, nítorí lẹ́tà lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá relẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó gòkè, ọkọ́ lè di ọkọ̀ lẹ́nu akọrin. Ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹni tí kò mú ìwé lọ́wọ́ ń jókòó sínú àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀.

Àwọn kan kò gbà kó rí bẹ́ẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930) ṣẹ̀dá orin ìjọ tó tẹ̀lé ohùn Yorùbá, ó sì gba ọ̀pọ̀ orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips (1884–1969), tó jẹ́ atẹdùrù àgbà ní Cathedral Church of Christ ní Èkó láti ọdún 1914 di ọdún 1962, kọ ìwé kan ní ọdún 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe so pọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ Phillips ni pé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kó darí ohùn orin. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yìí, ẹni tó bá rí àmì ohùn nìkan, láìrí ọ̀rọ̀, ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Orin Tí Ayé Mọ̀, Orúkọ Tí Ayé Kò Mọ̀

Ọ̀dọ̀ Phillips ni Fela Sowande (1905–1987) ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ dùrù. Ní ọdún 1944 ó ṣẹ̀dá African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn, abala márùn-ún ló ní, abala tó kẹ́yìn sì ń jẹ́ Akinla. Clyde Gilmour, tó ní ètò orin kan lórí rédíò CBC ní Kánádà láti ọdún 1956 di ọdún 1997, fi Akinla ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, orin ọmọ Yorùbá yìí ń dún nínú ilé àwọn ará Kánádà. Etí mọ̀ ọ́n dáadáa. Mélòó ni yóò lè dárúkọ ẹni tó ni ín? Ní Oyígíyigì, tí Sowande kọ fún dùrù, ọ̀rọ̀ náà yípo. Orin ìbílẹ̀ Yorùbá ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Atẹdùrù òkè òkun lè dá ohùn rẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí orin, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó mọ orin náà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi tí àlejò ti ń gbọ́ ohùn lásán.

Àwọn tó tẹ̀lé Sowande kò kéré. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) kọ orin fún píánò, fún dùrù àti fún akọrin, kí ikú tó mú un ní rèwerèwe. Akin Euba (1935–2020) kọ Scenes from Traditional Life fún píánò ní ọdún 1970, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìlù dùndún ní ọdún 1990. Bí a bá já ìlà kan láti inú iṣẹ́ wọn gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́ wa lónìí, tí a sì gbé ìlà Beethoven sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù ń bà wá pé Beethoven ni wọn yóò dá mọ̀.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Àbújá

Ẹ̀rí mìíràn sún mọ́ wa. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin ní Àbújá tó dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà. Lillian Jean Williams ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà, Frances Benda ló kọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ láti ọdún 1960 di ọdún 1978. Èyí tó gba ipò rẹ̀ ní ọdún 1978, Benedict Odiase ti ẹgbẹ́ olórin ọlọ́pàá ló kọ ohùn tirẹ̀. Àwọn àgbà gbọ́ ohùn méjì àkọ́kọ́, orin sì jáde lẹ́nu wọn. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1978 ní láti kọ́ ọ bí orin àjèjì. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta péré ti tó láti sọ orin tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ di àlọ́ àpamọ̀. Bí orin tí ìjọba tẹ̀ jáde tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kọ bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ti Bánkọ́lé?

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti fi hàn pé dídá orin mọ̀ láti ara àkọsílẹ̀ kì í ṣe eré àwọn olórin nìkan. Ohun tí Barlow, Morgenstern àti Parsons ṣe fún orin ilẹ̀ Yúróòpù bá ohun tí etí Yorùbá ń ṣe lójoojúmọ́ mu, ó sì fi ibi tí èdè wa ti le ju ìlànà wọn lọ hàn. Ohun méjì ni a dá lábàá. Èkíní, kí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá máa gbé àmì ohùn gbólóhùn síwájú akẹ́kọ̀ọ́ láìkọ ọ̀rọ̀ sí i, kí wọ́n máa fi òwe àti oríkì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìlà orin Sowande, Bánkọ́lé àti Euba. Èkejì, kí àwọn fásitì wa wá ìwé àfọwọ́kọ orin àwọn ọmọ Yorùbá jáde, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì ṣe atọ́ka ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Àlọ́ tí kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ mọ́ kì í ṣe àlọ́. Ohun tó sọnù ni.