Akọ̀ròyìn Àyíká, Láti Koko Dé Ẹ̀bá Ìkòròdú

Kò sí ẹni tí ń gbé Odógunyán, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú tò sí lójú ọ̀nà Ṣàgámù, tí yóò ní òun kò mọ òórùn èéfín. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí, tí imú sì gbọ́, kò tíì di ẹ̀rí níwájú aláṣẹ, àfi bí ẹnìkan bá wọ̀n ọ́n, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró tì í. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn àyíká nìyẹn.

Ọ̀ràn Koko ni ó gbé iṣẹ́ náà ga nílẹ̀ wa. Láàrin ọdún 1987 sí 1988 ni oníṣòwò ará Ítálì kan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wá sí ìlú etí omi yìí, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ítálì ni wọ́n fi ìwé ta ilé lólobó; nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn sì tú àṣírí náà ní oṣù kẹfà ọdún 1988, ìlú mì tìtì. Kí ọdún náà tó parí, Òfin 42 ti sọ kíkó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, Òfin 58 sì ti dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àyíká.

Ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ dé ẹ̀bá ilé. Àwọn akọ̀ròyìn The Examination àti The New York Times tọpa òjé dé Ogijo, ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó bá Ìkòròdú pààlà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú láti tà á sí òkè òkun. Wọ́n jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò, a sì rí i pé méje nínú mẹ́wàá ni òjé ti wọ̀ lára dé ìwọ̀n tí ń ṣe ìpalára. Òjé kì í pariwo. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Òfin Koko kò ṣàdédé wá: ẹ̀rí ni ó ṣáájú, kí àṣẹ tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ìwé ìròyìn àti ilé iṣẹ́ rédíò Yorùbá pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bí a ti ń ka àbájáde àyẹ̀wò, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ ní èdè tí ó gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.