Abdullahi dan Fodio

Abdullahi dan Fodio (nǹkan bíi 1766 sí nǹkan bíi 1829) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, òǹkọ̀wé àti balógun tí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Usman dan Fodio, dá ìjọba Sókótó sílẹ̀. Òun ni Ẹ́míà àkọ́kọ́ ní Gwandu, ìlú tí Ìlọrin àti Núpé wà lábẹ́ rẹ̀ láyé ìjọba náà. Fodio kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè baba wọn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fúlàní sì ni "onímọ̀". "Ọmọ" ni "dan" ní èdè Haúsá.

Ogun Gobir

Baba rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní Kùránì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀ yòókù. Nígbà tí Usman kúrò ní Degel lọ sí Gudu ní oṣù kejì ọdún 1804, Abdullahi ni ó kọ́kọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ láti tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹfà, ó kó ogun lọ sí Tabkin Kwatto, ó sì ṣẹ́gun Yunfa, ọba Gobir. Ní ọdún 1805, ó gba Birnin Kebbi.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1807, ó fi ogun sílẹ̀, ó dorí kọ Mẹ́kà, nítorí ìkógun ti gba ọkàn ọ̀pọ̀ jagunjagun ju ẹ̀sìn lọ. Kánò ni ìrìn náà parí sí. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró, ó sì kọ ìwé Diya al-Hukkam fún wọn, lórí bí a ṣe ń fi òfin ẹ̀sìn ṣèjọba.

Ọ̀rọ̀ oyè

Ní ọdún 1812, Usman pín àkóso ìjọba: ìwọ̀-oòrùn fún Abdullahi, ìlà-oòrùn fún Muhammad Bello, ọmọ Usman. Usman kú ní ọdún 1817, wọ́n sì fi Bello jẹ. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀ràn oyè ṣe máa ń rí nílẹ̀ Yorùbá kò ní í yà á lẹ́nu pé aáwọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìtàn sọ pé Abdullahi dé Sókótó, ó bá ẹnubodè ní títì, ó sì padà sí Gwandu.

Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Kalambaina wá ń yọ Gwandu lẹ́nu, Bello kó ogun wá ran àbúrò baba rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ìṣẹ́gun, Bello fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin láti kí àgbà. Abdullahi juwọ́ sí i pé kí ó dúró, òun gan-an ni ó tẹrí ba fún un gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba.

Gwandu ni Abdullahi kú sí. Lónìí, Birnin Kebbi tí ó fi ogun gbà ni ààfin Ẹ́míà Gwandu wà.