Igi Ni Òkúta Ibojì Ní Ilẹ̀ Yewa

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà oko kọjá láàrin Ìlaró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, tó wá rí igi oṣè kan tó dá dúró, tí pèrègún àti igi ìyeyè díẹ̀ sì wà nítòsí rẹ̀, kí ó má ṣe rò pé igbó lásán ni. Oṣè kì í ṣe igi igbó kìjikìji. Ibi tí ènìyàn bá gbé rí ni a sábà ń bá a, nítorí ènìyàn ló ń kó èso rẹ̀ wálé, tó ń da kóró rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Pèrègún ní tirẹ̀, ọwọ́ ló ń gbìn ín sí ààlà àti sí ojúbọ. Níbi tí irú àwọn igi bẹ́ẹ̀ bá ti pé jọ, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ ahoro ìlú. Bó bá sì jẹ́ ahoro ìlú, òkú wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí ni pé inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí láyé àtijọ́. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ilẹ̀ yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́, kí òkú má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí, kò sì sí ẹni tó nílò rẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbé inú ilé náà mọ ẹni tó sùn síbẹ̀.

Àmọ́ ogun kì í jẹ́ kí ilé dúró. Ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní 1995, wà láàrin Ẹ̀gbá àti Dàhòmì, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ gba ọ̀nà tó lọ sí etí òkun. Ní 1862 ni Dàhòmì pa ìlú Ìṣagà run. Ní 1886 ni wọ́n tún run Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Nígbà tí ìlú bá tú, òrùlé á wó, ògiri amọ̀ á yọ́ di ilẹ̀, àwọn igi ẹ̀yìnkùlé á wá gba gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn ogójì ọdún, igi nìkan ló kù láti sọ ibi tí ìloro wà rí. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 tún ya Ìmẹ̀kọ nípa sí Kétu, débi pé ibojì baba àwọn mìíràn wá di ilẹ̀ òkèèrè.

Gbogbo òkú kọ́ ni wọ́n ń sin sílé ṣá. Àwọn tí ṣọ̀pọ̀nná pa, aláboyún tó kú toyún toyún, abuké àti àwọn mìíràn tí ikú wọn jẹ́ èèwọ̀, inú igbó ni wọ́n ń gbé wọn lọ, àwọn babaláwo àti àwọn àwòrò nìkan ló sì ń wọ ibẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ṣe ohun tí ẹ̀ṣọ́ ọba kò lè ṣe. Kò sí ẹni tó ń dáko níbẹ̀, ọdẹ kì í yìnbọn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ́gi ìdáná níbẹ̀. Okété gbẹ́ ihò, ìgbín ń bí sábẹ́ ewé jíjẹrà, òwìwí àti igún rí orí àràbà sùn. Àdán ńlá tó ń jẹ èso náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ èso ìrókò tán, á gbé kóró inú rẹ̀ fò lọ jìnnà, á sì yàgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìrókò tí a ń pè ní igi abàmì, àdán ló gbìn ín. (Ìlú Ìdí-Ìrókò lẹ́nu ààlà kò jẹ́ ká gbàgbé bí igi náà ti tó láyé àwọn àgbà.)

Ìgbàgbọ́ wá dé. Ìjọ kò fẹ́ kí wọ́n sin òkú sínú ilé mọ́, ìjọba amúnisìn náà kò fẹ́ ẹ nítorí ìmọ́tótó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ìsìnkú ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti lẹ́yìn ìlú. Igi tuntun bá a wọlé. Igi òdòdó funfun olóòórùn dídùn yẹn, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ń sun oje bíi wàrà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Làpálàpá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà náà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé a ti sọ ọ́ di egbòogi ìdílé. Tíìkì àti mẹ́lìnà wá láti Éṣíà. Èyí tó gba gbogbo ilẹ̀ ìsìnkú lónìí ni ewé Akíntọ́lá, àjèjì tí kò sí nílẹ̀ yìí ṣáájú ọ̀rúndún ogún. Olóṣèlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe koríko náà kò mọ nǹkan kan nípa bó ṣe dé.

Pèrègún kò tìtorí èyí kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ti di ọmọ ìjọ ṣì ń gbìn ín sí orí ibojì, nítorí kì í tètè kú, owó òkúta àti símẹ́ńtì kò sì sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Òkúta gan-an kì í ṣe ààbò. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí lẹ́yìn tó kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Mobọ́lájí Johnson wó itẹ́ náà. Nítorí pé orúkọ Crowther tóbi, wọ́n rí ẹni kó egungun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà ní Marina. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí òkú tó ní òkúta àti orúkọ, ta ni yóò gbèjà ẹni tí pèrègún nìkan dúró fún?

Ní àríwá Ethiopia, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ Tewahedo ni igbó kékeré yí ká, tí òkú àwọn ọmọ ìjọ sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tó yí wọn ká ti di oko, inú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni igi ìbílẹ̀ kù sí. Àwọn àlùfáà àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jọ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi òkúta mọ odi yí igbó náà ká, kí màlúù má baà jẹ ọ̀dọ́ igi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní igi yew nínú àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn nínú wọn sì ti dàgbà ju ilé ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ wa, oògùn apako ni wọ́n ń fọ́n sí ilẹ̀ ìsìnkú bí ọdún bá ń bọ̀. Símẹ́ńtì gba ìyókù. Ayùn onímọ́tò gba ìrókò, torí pákó rẹ̀ lówó lórí. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ to ọ̀nà 5 tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ìdílé sì wà lára wọn. Ìdílé tí kò ní ìwé, ibojì àti igi ni yóò nàka sí. Bí wọ́n bá gé igi, tí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ibojì, ẹnu lásán ló kù fún àgbà náà níwájú adájọ́.

Àwọn ìjọ àtijọ́ ní ìwé àkọsílẹ̀ ìsìnkú. Orúkọ òkú wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sin ín wà níbẹ̀, orúkọ àlùfáà tó ṣe ìsìn náà wà níbẹ̀. Igi tí wọ́n sin ín sí ìdí rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.