Àrùn Ọpọlọ Nínú Eré Olórin Broadway

Títọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ni mo fi ń jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Bí mo bá ń wo eré olórin tó dá lórí àìsàn yìí, kì í ṣe ohùn olórin nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ń wo ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú, mo sì ń wo ará ilé aláìsàn.

Lóṣù kìíní ọdún 1941 ni wọ́n gbé eré olórin Lady in the Dark jáde ní Broadway, àdúgbò ilé eré ní New York. Kurt Weill, tó sá kúrò ní Jámánì nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ló ṣe orin rẹ̀. Moss Hart ló kọ eré náà. Òun fúnra rẹ̀ ti jókòó ti dókítà ọpọlọ, ohun tójú rẹ̀ rí ló kọ. Liza Elliott, olóòtú ìwé ìròyìn oge, ni ìpayà dé bá, ló bá lọ ń rọ́ àlá fún dókítà. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i: lọ́dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìgbà tí àlá bá bẹ̀rẹ̀ ni orin máa ń bú jáde, tijó tìlù. Orin kan ṣoṣo ló yọ ara rẹ̀ sọ́tọ̀, orin tí Liza mọ̀ ní kékeré, tó ń kùn ún ṣáá láìlè rántí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìgbà tó rántí rẹ̀ tán lara tó tù ú. Ó dùn mọ́ mi, nítorí mo ti rí aláìsàn tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àmọ́ tó ń kọ orin ìgbà èwe rẹ̀ láìṣì í kọ. Ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́ fún mi ni ìparí: ara obìnrin yá, ó wá sọ fún ọkùnrin tó ń bá a fà á níbi iṣẹ́ pé kí àwọn jọ máa darí ìwé ìròyìn náà, ó tiẹ̀ ní òun lè yẹ̀ fún un bó bá yá. Èwo ni ti ìwòsàn nínú ìyẹn?

Ní 1998, Tom Kitt àti Brian Yorkey ṣe eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan nípa obìnrin tí wọ́n fi iná mànàmáná tọ́jú ọpọlọ rẹ̀, ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní 1938. Eré náà ló dàgbà di Next to Normal, tó dé Broadway ní 2009, tó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún kejì. Nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló pa rẹ́ lọ́kàn Diana, aláìsàn inú eré náà, lẹ́yìn ìtọ́jú náà, títí kan ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú níbẹ̀. Lóòótọ́, ìgbàgbé máa ń wà, àmọ́ èyí tó tó báyẹn ṣọ̀wọ́n, oògùn oorun ni wọ́n sì ń fún aláìsàn kí wọ́n tó ṣe é.

Dan, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n mọ̀ dáadáa. Diana ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ, ọkọ wá ń dá nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ó ń kọrin. N kò rí eré mìíràn tó dúró ti irú iṣẹ́ yẹn bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Diana kó kúrò nílé. Dókítà bi Dan bóyá kí òun júwe oníṣègùn tí yóò bá Dan náà sọ̀rọ̀, ó sì gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú alárùn ọpọlọ nílé, bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà.