Onílé, Ayálégbé àti Ìwé: Bí Onílé Èkó Ṣe ń Dáàbò Bo Ohun Ìní Rẹ̀

Lára ògiri ilé púpọ̀ ní Èkó ni ènìyàn yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà pé: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè rẹ́rìn-ín, kí ó béèrè ẹni tí ó sọ pé òun fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n onílé tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí kan, tàbí ayálégbé kan, tàbí ẹni tí òun kò tilẹ̀ mọ̀ rí, lè mú oníbàárà wá wo ilé náà nígbà tí òun kò sí nítòsí, kí ó sì gba owó rẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tí ẹni tí ó ni ilé fi ní láti máa kígbe lára ògiri pé òun ni òun ni ín? Ìtàn náà gùn, ó sì ju ọ̀rọ̀ olè àti oníjìbìtì lọ.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ìwé láàárín onílẹ̀ àti ẹni tí ó fún nílẹ̀. Ìdílé ni ó ni ilẹ̀. Olórí ẹbí ni ó ń mójú tó o. Bí àlejò bá dé tí ó fẹ́ ibi tí yóò dáko sí tàbí ibi tí yóò kọ́ ahéré sí, wọn a fi ojú ààlà hàn án níwájú ẹlẹ́rìí, òun náà a sì máa mú iṣu, obì tàbí ẹmu wá lọ́dọọdún. Èyí ni ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ọ̀yà ilẹ̀ lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán kí kòkó tó sọ ọ́ di owó ńlá ní agbègbè bíi Ifẹ̀. Iṣu mélòó kan kò lè sọ olórí ẹbí di ọlọ́rọ̀. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ìjẹ́wọ́: ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń sọ lójú gbogbo ayé, lọ́dọọdún, pé ilẹ̀ tí òun ń gbé kì í ṣe tòun. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí ó sẹ́, tí ó ní òun kò mọ onílẹ̀ kankan mọ́, àṣà fún onílẹ̀ láyè láti gba ohun ìní rẹ̀ padà. Àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gba òfin yìí wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adájọ́ a máa lọ́ra láti lé ẹni tí ó bá ronú pìwà dà. Rìsíìtì tí onílé ń kọ fún ayálégbé lónìí, ọmọ ìṣákọ́lẹ̀ ni. Onílé tí kì í kọ ọ́ nítorí pé ayálégbé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ń sọ ẹ̀rí tirẹ̀ nù.

Ìwé wọ inú ọ̀rọ̀ náà ní Èkó ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àwọn Sàró ń bọ̀ láti Sìẹ̀rà Lẹ́óònù, àwọn Àgùdà ń bọ̀ láti Bràsíìlì, wọ́n sì ti mọ ohun tí ìwé jẹ́. Ọba Dòsùnmú fúnra rẹ̀ ti ń fún àwọn kan ní ìwé ilẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ó fi ọwọ́ sí àdéhùn tí ó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà lójú omi tí ó ń wò ó. Ní 1863, ìjọba tuntun náà ṣe òfin láti wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn gómìnà sì ń fún àwọn tí ó bá rí ẹ̀rí mú wá ní ìwé lórúkọ Ọbabìnrin Victoria. Ilé di ọrọ̀. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Àgùdà kọ́ ilé alájà tí ó ní fèrèsé olóbìírí àti ọ̀nà ìta tí wọ́n fi ọnà ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà lórí ìwé náà. Lẹ́yìn ẹni yẹn ni ìyá rẹ̀ wà, àti àwọn àbúrò, àwọn ọmọ, àwọn ìwọ̀fà, àti àwọn ẹrú tí wọ́n ti dòmìnira ṣùgbọ́n tí wọn kò kúrò lágbo ilé. Gbogbo wọn ni ó gbà pé àwọn ní ẹ̀tọ́ sí òrùlé tí ó wà lórí wọn. Ìwé kò mọ̀ wọ́n. Oníṣòwò tí ó fẹ́ gba ọjà àwìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó a fi ìwé ilé dógò. Bí iye epo pupa bá já wálẹ̀ ní ọjà òkè òkun, gbèsè a wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọn a sì ta ilé ní gbàǹjo. Nígbà tí àwọn ará ilé bá gbọ́ agogo gbàǹjo ni wọ́n tó ń mọ̀ pé ilé tí wọ́n bí wọn sí ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí ó yẹ kí ó dáàbò bo onílé ni ó sọ ilé di ohun tí ẹlòmíràn lè gbà.

Àwọn ará Èkó kò káwọ́ gbera. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí ilé ẹjọ́ dá ní 1908 sí 1909, dá lórí ilé tí Mabinuori fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1874. Ìdájọ́ náà fi ẹsẹ̀ ohun tí a ń pè ní ilé ẹbí múlẹ̀ nínú òfin: ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìpín jẹ́ ti gbogbo ọmọ rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ẹnì kan kò sì lè dá a tà bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Lẹ́yìn èyí ni ẹjọ́ tí ó lókìkí jù lọ dé. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì sọ pé Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, kò ní ju ẹ̀tọ́ àbójútó lọ, nítorí náà gbà-má-bínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Olúwa gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba, tí Viscount Haldane sọ ìdájọ́ rẹ̀, pinnu pé àdéhùn 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ni ilẹ̀ rẹ́, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ san gbà-má-bínú fún wọn bí onílẹ̀ gan-an. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé onílẹ̀ tí kò ní ìwé òyìnbó lọ́wọ́ ni ó borí níhìn-ín, nípa ẹ̀rí àṣà.

Síbẹ̀, ìṣẹ́gun yẹn kò dá ìjọba dúró. Lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B. sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó láti tún un tò, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Onílé tí ó ń gbé yàrá kan, tí ó fi yàrá mẹ́ta yòókù háyà, pàdánù ilé àti owó oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó gbà-má-bínú ilé tí ogún ènìyàn jọ ni, bí wọ́n bá pín in, kò lè kọ́ ilé mìíràn fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní ti àwọn ayálégbé, ogun àgbáyé kejì ni ó mú ọ̀rọ̀ wọn wọ inú òfin. Èrò pọ̀ ní Èkó, yàrá kò tó, owó ilé sì ń gòkè. Ìjọba fi òfin dè é, ní 1945 sì ni òfin gbígba ilé padà jáde. Ohun tí ó sọ kò ṣòro. Onílé kò lè jí lówùúrọ̀ kí ó ní kí ayálégbé kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ń san owó lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí kúìtì oṣù kan. Ẹni tí ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Bí ọjọ́ bá pé tí kò jáde, onílé a tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí ilé ẹjọ́. Adájọ́ nìkan ni ó lè lé e jáde.

Àwọn onílé bínú sí òfin yìí, wọ́n sì ń bínú sí i títí di òní. Àwọn kan yọ ilẹ̀kùn, àwọn kan ṣí páànù orí ilé nígbà òjò. Wọ́n ní ayálégbé ni òfin ń ṣe ojúsàájú fún. Ẹ̀sùn yìí kò tọ̀nà tó bí wọ́n ṣe rò. Onílé tí ó kọ ìwé rẹ̀ dáadáa, tí ó ka ọjọ́ rẹ̀ pé, kì í sábà pàdánù ju àkókò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò náà lè gùn burúkú ní ilé ẹjọ́. Èyí tí ó fi ipá ṣe é ni ó ń san owó ìtanràn fún ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìjọba pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní 1985, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé Odumegwu Ojukwu jáde kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà níwájú adájọ́. Ní 1986, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìjọba wí kíkankíkan, ó sì kọ̀ láti ṣàánú wọn.

Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 tún yí gbogbo rẹ̀ padà: ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé tàbí fi í dógò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìwé ìdógò tí kò ní àṣẹ gómìnà kò ní láárí. Ẹni tí ó yá owó, tí ó yẹ kí ó ti gba àṣẹ náà, ni ó jàǹfààní ìdájọ́ yìí. Báńkì ni ó jìyà. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé ni àwọn onílé kì í sábà rò tẹ́lẹ̀. Ayálégbé a tún òrùlé ṣe, a fi símẹ́ńtì sí ilẹ̀, a sì gé yàrá kan sí méjì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó di ẹni tí ń sọ pé, "Owó mi wà nínú ilé yìí." Òfin ilé gbígbé tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 fún Èkó sọ̀rọ̀ lé èyí lórí: ayálégbé tí ó bá gba àṣẹ onílé nínú ìwé kí ó tó ṣe àtúnṣe lè béèrè gbà-má-bínú nígbà tí onílé bá ní kí ó máa lọ. Nítorí náà, ìwé àṣẹ kékeré tí onílé kọ láìronú lè di gbèsè sí i lọ́rùn, bí kò bá kọ iye owó àti ẹni tí yóò san án sínú rẹ̀.

Onílé fúnra rẹ̀ kò sì ní òmìnira pátápátá láti tún ilé rẹ̀ ṣe. Ní Ìta Tinúbú, ilé Àgùdà kan wà tí ìdílé Fernandez kọ́kọ́ ni, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìdílé mìíràn rà á ní àwọn ọdún 1930. Ní 1956, ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó ni ín kò lè wó o, kò sì lè yí i padà bí ó ṣe wù ú. Ilé sì ń gbó, ògiri rẹ̀ ń sán, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gbówó lórí sí i. Ọdún ọgọ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó o palẹ̀.